Kí Ló Dé Tí Èkó Fi Ń Pè É Ní Eré?

Bí ọba Èkó bá wàjà, tàbí tí ẹni ńlá kan papò dà, tí àwọn tó ni ìlú sì fẹnu kò pé Èyọ̀ ni a ó fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, ohun tí Ìsàlẹ̀ Èkó ń ṣe kò kéré. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lọ́jọ́ Àìkú, Adímú tí í ṣe àgbà gbogbo Èyọ̀ á jáde pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú àti ọ̀pá rẹ̀. Ìlú ti mọ̀ nìyẹn pé Sátidé tó ń bọ̀ ni. Lábà alákẹtẹ̀ pupa á tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ajé, Oníkò tó ń dé yẹ́lò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ológèdè tó ń dé àwọ̀ ewé lọ́jọ́rú, Agéré tó ń dé elésè àlùkò lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí Sátidé bá mọ́, títì ti di pípa. Obìnrin kò ní wé gèlè, ẹnikẹ́ni kò ní wọ bàtà, ọ̀kadà kò ní kọjá, ẹni tó bá ń fa sìgá á gba ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Èyọ̀, lẹ́yìn, ẹni tó bá dirun ṣùkú á yáa jókòó sílé.

Síbẹ̀, bí o bá béèrè orúkọ ètò ńlá yìí lọ́wọ́ àgbà tó mọ̀ ọ́n, kò ní pè é ní ètùtù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pè é ní ìsìnkú. Eré ni yóò pè é, Eré Adámú Òrìṣà. Àwọn tó gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì Èkó náà ò yẹ̀ kúrò níbẹ̀: Adamu Orisha Play ni wọ́n ń kọ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ń dà mí láàmú tipẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ púpọ̀ nínú wa pé eré ni ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá ti parí iṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló fi orúkọ ìsinmi ọmọdé pe ayẹyẹ òkú ọba? Èrò mi ni pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àti pé àwa la jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà súnkì mọ́ wa lọ́wọ́ bí aṣọ tí a fọ̀ lọ́nà tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, nítorí lẹ́tà mẹ́ta péré ni, àwọn mìíràn sì ń lo lẹ́tà kan náà. Re, mí: eré. Dò, re: ère, ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́. Dò, dò: èrè, ohun tí oníṣòwò ń wá lọ sí ọjà Balógun. Re, dò: erè, ejò ńlá inú igbó. Onílù kò lè ṣì wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń ka ìwé tí kò ní àmì ohùn ló máa ń ṣì wọ́n kà. Ère ni ká mú lọ́wọ́, a ó tún padà sí i.

Nínú ẹnu wa, eré ní ojú méjì. A ń ṣe é, ó di ṣeré. A ń sá a, ó di sáré. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn a máa pè é ní aré, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn kan gbà pé eré tí a ń sá yàtọ̀ pátápátá sí eré tí a ń ṣe, pé lẹ́tà àti ohùn ló kàn bá ara wọn mu. Èmi kò tẹ̀ lé wọn. Ẹ wo ara ènìyàn nínú méjèèjì. Ẹni tó ń sáré ti fi ìrìn ojoojúmọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sínú ìgbésẹ̀ mìíràn. Ẹni tó ń ṣeré náà ti fi ìwà ojoojúmọ́ sílẹ̀, ó ti bọ́ sínú ìwà mìíràn. Bí o bá yọ fáwẹ́lì iwájú kúrò lára eré àti aré, ré ló kù, ré tí a ń gbọ́ nínú ré kọjá. Ẹni tó ré odò kọjá ti kúrò ní bèbè kan, ó ti dé èkejì. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mú nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún àjọ tí àwọn Júù fi ń rántí alẹ́ tí wọ́n kúrò ní Íjíbítì: Ìrékọjá. Àjọ yẹn náà kì í ṣe ìtàn tí a kàn ń kà sétí ẹni. Oúnjẹ ni a ń jẹ, búrẹ́dì aláìwú àti ewé kíkorò, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó jáde lóru ọjọ́ náà. Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ré yìí nínú eré.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ènìyàn lè rò pé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ eré. Bí a bá fẹ́ sọ pé àwọn kan ń ṣe ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lè ṣojú wa, a lè pè é ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ la ń tún ṣe, ẹni tó bá ní òun ń ṣe àtúnṣe ìtàn ti ní ìtàn náà kò pé. A lè pè é ní àfarawé, ṣùgbọ́n aláfarawé ń wo ẹlòmíràn tó wà láyè, ó ń fẹ́ dà bí rẹ̀. A lè pè é ní ìsínjẹ, ìyẹn tilẹ̀ burú jù, nítorí ẹni tí a bá ń sín jẹ á fẹ́ jà. Àwàdà àti ẹ̀fẹ̀ ń wá ẹ̀rín. Yẹ̀yẹ́ ń wá ẹni tí yóò fi ṣe. Eré nìkan ló ní òfin nínú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òfin yẹn kó lọ sí àdúgbò Olówógbowó ní Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ tí kò sí iléèwé, kó wo àwọn ọmọdé. Ọmọkùnrin bíi mẹ́rin á gba ìró funfun ìyá wọn, wọ́n á ta á bo orí títí dé ẹsẹ̀, wọ́n á fi páálí gé akẹtẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ igi imọ̀ ọ̀pẹ fún ọ̀pámbàtà. Wọ́n ti di Èyọ̀. Èyí tó kéré jù á dúró ní ẹnu ọ̀nà, òun ni ará ìlú. Wọ́n á ní, “Bọ́ bàtà ẹ!” Á bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, kò sí wàhálà. Ẹ̀rín kò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú wọn ṣí ojú rẹ̀ kó sọ pé, “Ṣé ẹ rí mi, èmi Kúnlé ni”, gbogbo wọn á figbe ta: “O ti ba eré jẹ́!” Mo ti gbọ́ igbe yìí lọ́nà tó mú mi dúró. Wọn kò sọ pé ó purọ́, òótọ́ ló sọ, Kúnlé ni lóòótọ́. Ohun tó bàjẹ́ ni eré, ẹni tó bà á jẹ́ sì jẹ gbèsè. Nígbà tí ìyá àgbà kan bá ń ti ọjà bọ̀, tó kọjá lára wọn, á ní, “Ẹ kú eré o, ẹ̀yin Èyọ̀.” Gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí oníṣẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀ la ń kí eléré fún eré rẹ̀. A kì í kí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa bi mí. Ṣebí àwa náà la ń sọ pé “ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré”, “má fi mí ṣeré”, “bí eré bí eré”? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí eré bí eré ló di ńlá. Bí eré bí eré ló kọ́ ilé. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà pé eré lè bí ohun tó dúró. Àti “má fi mí ṣeré”: ohun tí ènìyàn ń kọ̀ ni kí a sọ òun di ohun ìṣeré, kí a gbé òun sínú òfin tí òun kò fọwọ́ sí. Agbára tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀dẹ ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ọdún Ọbàtálá níbẹ̀, olóyè méjì máa ń jà lójú gbogbo ìlú. Ajagẹmọ ni ọ̀kan, òun ni olórí àwọn ọlọ́bàtálá. Olúnwi ni èkejì. Ijó ni ìjà náà, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀. Wọ́n á kọlu ara wọn, Olúnwi á borí, wọ́n á mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn, wọ́n á gbé e lọ. Tìmì, ọba ìlú, á wá san owó ìràpadà, Ajagẹmọ á sì padà wọlé pẹ̀lú ayọ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950, rí i láyé Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ọba tó mọ ìlù lù bí àyàn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1959 lórí àwọn ọdún ìlú náà.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí yóò ṣubú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ajagẹmọ kò borí rí, kò sì ní borí. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ pé kò yẹ ká wá wò ó. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò borí kọ́ ló gbé wọn wá. Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń lọ sí ìgbèkùn ni wọ́n fẹ́ rí, àti bí ọba ṣe ń tọwọ́ bọ àpò. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún mú un. Ìtàn náà kò parí. Ó ń lọ láti ọdún dé ọdún, olóyè kan á kú, òmíràn á jẹ, ìjà á máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí.

Ní Ifẹ̀, ọdún Edì ni wọ́n fi ń rántí Mọrèmi. Láyé rẹ̀, àwọn Igbò máa ń fi ìko bo ara wọn wọ̀lú, àwọn ará Ifẹ̀ rò pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń sá. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó padà wá sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, ìko sì máa ń gbiná. Ní 2016, láyé Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì, wọ́n gbé ère Mọrèmi kan tó ga fíofío dúró ní Ifẹ̀. Mo ti rí i, ó dára. Ère ni, ó dúró síbi tí wọ́n gbé e sí, ojú rẹ̀ kò yí padà, ẹni tó bá fẹ́ lè kọjá lára rẹ̀ láìgbójú sókè. Edì kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré ni Edì. Bí àwọn ènìyàn kò bá jáde, kò sí i. Ohùn méjì péré, tí a kàn gbé sókè díẹ̀ díẹ̀, ló pín wọn níyà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jìnnà. Ère ń ṣọ́ ohun tó ti kọjá. Eré ń bẹ ẹni tó wà láàyè lọ́wẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn, mi ò sì fẹ́ ká rò pé tiwọn jẹ́ ohun ẹ̀rín. Ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Battle, ìyẹn Ogun. Níbẹ̀ ni William láti Normandy ti ṣẹ́gun Harold, ọba àwọn Saxon, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, 1066. Kò tíì tó ogúnjọ́ sí ìgbà yẹn tí Harold fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́gun àwọn Viking ní Stamford Bridge, ní àríwá, tó pa ọba wọn, kó tó sáré sọ̀kalẹ̀ wá pàdé ikú tirẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, àwọn ènìyàn lásán, tíṣà, dókítà, kafíńtà, á wọ ẹ̀wù irin, wọ́n á gbé apata onígi, wọ́n á tún ogun náà jà lórí pápá náà gan-an. Harold á tún ṣubú. Ní York, tí àwọn Viking gbà ní 866, oṣù Kejì ni tiwọn. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ìtàn kan lọ láti ìpàdé dé ìpàdé: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́ nínú rẹ̀, ilé tó ti wá, ọ̀tá tó ní, ẹni tó jẹ gbèsè ọlá níbi ìjà kan á san án níbi òmíràn. Obìnrin á fi ọwọ́ hun aṣọ bí wọ́n ṣe ń hun ún nígbà náà, wọn ò ní gbà kí síìpù hàn lára rẹ̀. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín síìpù yẹn àti bàtà tí a ń bọ́ ní Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Èyọ̀. Èèwọ̀ ni méjèèjì. Eré ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé òun ni.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà tí mo ka sí ńlá. Ní Battle, okùn wà. Ẹni tó san owó ìwọlé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń ya fọ́tò, òfin eré kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, kò sí okùn. Ìwọ tó wá wòran, ìwọ náà á bọ́ bàtà. Èèwọ̀ Èyọ̀ kò béèrè bóyá o wọ aṣọ funfun tàbí o kàn ń lọ ra gaàrí. Òǹwòran wà nínú eré kí ó tó mọ̀.

Ibi okùn yìí ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ eré bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, Olówógbowó sì kópa nínú rẹ̀. Àdúgbò àwọn Sàró ni Olówógbowó, apá ìwọ̀-oòrùn Erékùṣù Èkó níbi tí afárá Èkó ti ń sọ̀kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n lónìí. Orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: olówó ti gba owó. Ọmọ ẹni tí wọ́n tà ni púpọ̀ nínú àwọn Sàró, tàbí àwọn fúnra wọn ni wọ́n tà, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, tó kó wọn lọ sí Freetown. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì Wẹ́sílì àti orin ìsìn, pẹ̀lú kọ́ọ̀tù àti fìlà gíga. Wọ́n mú eré tuntun dé pẹ̀lú, eré inú gbọ̀ngàn: kọ́ńsáàtì, dùùrù, ewì kíkà, àga tí a tò ní ìlà. Ọwọ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ti eré ìta sẹ́yìn pé ti kèfèrí ni.

Èmi ò bínú sí wọn. Ẹni tí wọ́n já gbà lójú òkun ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí yóò gbá mú. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn yẹn náà ni eré orí ìtàgé wa ti jáde: ní oṣù Kẹfà, 1944, Hubert Ògúndé gbé eré Ọgbà Édẹ́nì rẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall, kò jìnnà sí Olówógbowó rárá, kò sì pẹ́ tí Yorùbá fi ní eré onítàn tó tó gbé yangàn, irú èyí tí Dúró Ládiípọ̀ fi Ọba Kò So ṣe ní 1963. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, òṣèré wà lókè, òǹwòran wà nísàlẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín. Bí iná bá kú, a dìde, a gbọn aṣọ, a lọ sílé. Irú eré tí ènìyàn lè jókòó tì yìí ló wá di ìtumọ̀ eré fún wa. Nígbà tí ọmọ tó dàgbà sínú rẹ̀ bá wá gbọ́ Eré Adámú Òrìṣà, ó rò pé wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti ìlú Ìbẹ̀fun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìdílé ṣe ń sọ ọ́, ni Adámú ti wọ Èkó. Èyí tí àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ fi ọjọ́ sí ni ti ogúnjọ́ oṣù Kejì, 1854, wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ fún Ọba Akítóyè tó wàjà ní 1853. Wọ́n ṣe é ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 2017 pẹ̀lú. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, eré kan ṣoṣo ni. Ìga kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilé olóyè, tó ní àwọ̀ tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn. Èyọ̀ tó bá pàdé rẹ lójú títì á ní òun ń yọ̀ fún ọ, òun ń yọ̀ fún ara òun. Ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú lè jẹ́ akọ̀wé báńkì, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń kí ọ ti wà kí báńkì tó dé Èkó. Òkú ló ń yí padà. Òkú kọ̀ọ̀kan ni orí tuntun nínú ìtàn kan náà.

Ohun kan wà tí Èkó kò tíì fi ṣeré, ó sì ń dùn mí. Akítóyè tí wọ́n ṣe Adámú fún yìí, ogun ló gbé e dórí oyè padà. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ tó ń bá a du oyè lé e kúrò lórí ìtẹ́ nínú Ogun Olómiró. Ní ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí 1851 parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà, Bloodhound àti Teazer, wọ́n yin àgbá lu Èkó. Teazer tilẹ̀ há sórí yanrìn, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì jà débi pé ẹni tó rò pé òwúrọ̀ kan ni yóò parí rẹ̀ rí ohun tí kò retí. Ìlú gbiná. Àwọn ènìyàn Akítóyè so aṣọ funfun mọ́ ọrùn kí ìbọn òyìnbó lè dá wọn mọ̀. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì Tápà, olóyè rẹ̀, gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 1852, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ Penelope.

Àwọn tó wà níbẹ̀ pe ogun náà ní Ogun Ahóyaya, wọ́n pè é ní Ogun Àgìdìngbì. Ẹ pe èkejì yẹn sókè: à-gì-dìn-gbì. Àgbá ló ń dún nínú ẹnu yín. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò ní ìtàgé, kò ní aṣọ, ohùn nìkan ló ní, ó sì fi ohùn náà ṣe eré tó kúrú jù láyé. Ibi tí eré ogun náà dé nìyẹn, kò kọjá ẹnu. Orúkọ àdúgbò ló tún gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba àyè láti padà ní 1862, Òṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà pẹ̀lú, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, ibẹ̀ sì di Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ń gbé erékùṣù kan náà, Sàró ní apá kan, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní apá kejì, ààfin ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ lásán lo máa fi rìn ín já.

Mo fẹ́ kí a ṣe Eré Àgìdìngbì. Mi ò sọ eré orí ìtàgé o, mi ò sì sọ káníífà tí ilé iṣẹ́ ọtí máa gbé àsíá rẹ̀ kọ́. Eré tí mo ń sọ ni èyí tí okùn kò sí níbẹ̀, tí àwọn tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti ní Olówógbowó á jọ jókòó ṣe òfin rẹ̀, tí òfin náà á sì mú òǹwòran. Àwọn tó máa so aṣọ funfun mọ́ ọrùn á wà, àwọn tó máa wa ọkọ̀ sálọ á wà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kú láàárín iná náà á ní ẹni tí yóò sọ ọ́, nítorí orúkọ ọba àti orúkọ ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé. Wọn kò sì ní fi iná àgbá parí rẹ̀. Ọdún kejì á gbé e dé Ẹ̀pẹ́, òmíràn á gbé e dé ìpadàbọ̀.

Ta ni yóò wá ṣe Kòsọ́kọ́? Ní Battle, ẹnikẹ́ni lè jẹ́ Harold, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọjọ́ lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún tí ọba náà ti kú, kò sí ẹni tí ojú ń tì. Tiwa ṣì gbóná. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà, àwọn ọmọ Akítóyè wà, wọ́n ń jọ lọ sí ìnáwó ara wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀dẹ ti fi hàn wá pé ipò ẹni tó ṣubú nínú eré kì í ṣe ipò ìtìjú: oyè tó ga jù láàárín àwọn ọlọ́bàtálá ni wọ́n gbé fún un. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, mo máa ní kí ilé Kòsọ́kọ́ fúnra wọn yan ẹni tí yóò wọ aṣọ rẹ̀, kí ilé Akítóyè yan ẹni tí yóò san owó ìràpadà, kí wọ́n jọ gba Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kọjá lọ sí Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba, ní ìparí oṣù Kejìlá, kí gbogbo ẹni tó bá dúró létí títì sì bọ́ bàtà.